Ìṣẹ́jú Àáyá Kò Tó Láti Wo Àáyá

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kó àwọn ọmọ SS2 lọ sí ọgbà ẹranko, bọ́ọ̀sì méjì ló gbé wa. Aago mẹ́fà ìdájí la kúrò ní Adó-Èkìtì. A gba Iléṣà, a gba Ifẹ̀, nígbà tí a ó sì fi dé ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, oòrùn ti mú ganrínganrín. Àwọn ọmọ sáré wo kìnnìún, wọ́n sáré wo ejò, wọ́n sáré wo ìnàkí, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹ ìrẹsì tí a gbé dání, a sì kọrí sílé. Lọ́jọ́ kejì mo ní kí wọ́n kọ ojú ìwé kan lórí ìwà ọ̀bọ. Ohun kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn kọ: ọ̀bọ ń fò látorí igi kan sí òmíràn, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń sín ènìyàn jẹ. Kò sí èyí tí wọn ò mọ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Owó tí àwọn òbí wọn tu jọ ni mo fi kó wọn rìn, ó sì dùn mí wọra.

Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí. Àwọn òbí máa ń bi mí pé kí ni ọmọ lè rí kọ́ ní ọgbà ẹranko tí kò sí nínú ìwé. Ìwà ni. Ìwé lè sọ fún ọmọ pé ojú ọ̀bọ kọjú síwájú bíi tiwa, pé èékánná pẹlẹbẹ ló ní, kì í ṣe ṣóńṣó bíi ti ológbò. Ṣùgbọ́n ìwà kì í hàn sí ẹni tó ń sáré kọjá. Àfi kí ó jókòó. Láti ọdún náà, ẹranko kan ṣoṣo ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń wò lọ́wọ́ mi, fún ìṣẹ́jú 30 gbáko, kí ó tó lọ wo èyí tó bá wù ú.

Àwọn àgbà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ èyí. Wọ́n ní àáyá gbọ́n, Ògúngbè náà gbọ́n. Bí àáyá ti ń tiro ni Ògúngbè ń bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi òwe yìí júwe, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wíwò ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi. Ògúngbè mọ ìgbà tí àáyá yóò tiro nítorí pé ó ti wò ó pẹ́.

Lọ́dún kan, mo bẹ bàbá àgbà ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ọdẹ ni wọ́n lápá Ìsẹ̀-Èkìtì, kí wọ́n wá bá kíláàsì sọ̀rọ̀ kí a tó lọ. Ọmọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, báwo lẹ ṣe máa ń mọ̀ pé ọ̀bọ wà nítòsí?” Bàbá ní, “Ọmọ mi, èso tó já sílẹ̀ tí ojú eyín wà lára rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Lẹ́yìn ìyẹn, mà á dákẹ́. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nínú igbó, ọ̀bọ ti rí i kí òun tó rí ọ̀bọ.” Mi ò rò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi kọ nǹkan sójú pátákó tó ìdajì ohun tí bàbá fi kọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Bí ọdẹ bá wà ládùúgbò yín, ẹ pè wọ́n.

Bàbá náà ló là á yé wọn pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ọ̀bọ. Ọmọ ìsinsìnyí, “ọ̀bọ” nìkan ló mọ̀; bàbá ka àáyá, ó ka ìjímèrè, ó ka ẹdun, ó ka ìnàkí. A máa ń sọ pé bí ọ̀bọ ti ṣe orí ni ìnàkí ṣe orí. Òwe náà dára láyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n níwájú àhámọ́, ìdí ni kí ọmọ kọ́kọ́ wò. Ìnàkí, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní chimpanzee, kò ní ìrù, àwọn yòókù ní. Kí wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà tó ti dàgbà kì í fi ìrù so rọ̀ sórí igi. Èyí tí wọ́n ń rí nínú fíìmù, ará Gúúsù Amẹ́ríkà ni. Ìrù tiwa wà fún kí ara lè dúró dọ́gba tó bá fò. Bí a bá sì dórí ẹdun, Táíwò àti Kẹ́hìndé inú kíláàsì a máa rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí oríkì wọn, ẹdúnjọbí, wọ́n a sì bi mí bóyá ìbejì ni ẹdun ń bí. Rárá o, ọ̀kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí. Ewé ló ń jẹ jù, ikùn rẹ̀ pín sí yàrá yàrá kí ewé náà lè dà, àtàǹpàkò rẹ̀ sì kéré débi pé díẹ̀ ló kù kí ó má sí rárá.

Ìtàn kan wà tí n kì í fò. Jane Goodall, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, jẹ́ ọmọ ọdún 26 nígbà tó dé Gombe, ní ibi tó ń jẹ́ Tanzania lónìí, ní oṣù keje ọdún 1960. Kò tíì lọ yunifásítì. Àwọn ìnàkí ń sá fún un. Ó ń gun òkè lójoojúmọ́, ó ń jókòó, ó ń wò wọ́n láti òkèèrè. Oṣù kọkànlá ọdún náà ló tó rí i tí ìnàkí kan ki koríko bọ inú òkìtì ọ̀gán, tó rọra fà á jáde, tó sì fi ẹnu gba ikán tó dì mọ́ ọn. Ó tún rí i tí wọ́n já ewé kúrò lára ẹ̀ka kí wọ́n tó lò ó. Títí di ìgbà náà, ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé ènìyàn nìkan ló ń ṣe irinṣẹ́. Ọmọ tó bá ti tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóko mọ òkìtì ọ̀gán dáadáa. Ohun tó ń ya àwọn ọmọ mi lẹ́nu ni oṣù mẹ́rin tó fi jókòó kó tó rí i.

Ìwé tí mo ń há fún wọn rọrùn. Mo fa ìlà 30 sí i, ọ̀kan fún ìṣẹ́jú kan. Lókè rẹ̀ ni mo kọ ìwà mẹ́jọ sí: ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń rìn tàbí ó ń gun nǹkan, ó ń ṣa ara rẹ̀, ó ń ṣa ara ẹlòmíràn, ó ń ṣeré, ó ń jà tàbí ó ń dẹ́rù bani, ó jókòó lásán. Àwọn ọmọ pín ara wọn sí mẹ́ta mẹ́ta: ọ̀kan di aago mú, ọ̀kan ń wò, ọ̀kan ń kọ. Bí ìṣẹ́jú bá ti pé, ẹni tó di aago mú a ní “Ó tó!”, ẹni tó ń wò a sì sọ ohun tí ẹranko náà ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an, kì í ṣe ohun tó ti ṣe tẹ́lẹ̀. (Ẹ ò rí i bí èdè wa ti gbọ́n: bí àáyá ti ń ṣẹ́jú ni a fi ń wọn àkókò tó kéré jù.) Jeanne Altmann, ará Amẹ́ríkà tó pẹ́ gan-an lẹ́nu wíwo àwọn baboon, irú ọ̀bọ ńlá kan, ní Amboseli ní Kenya, ló tẹ àpilẹ̀kọ jáde ní 1974 lórí bí a ṣe ń wo ẹranko láìṣègbè. Ojú wa máa ń sáré síbi tí ariwo bá wà. Bí ọ̀bọ méjì bá jà fún ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n sì jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 29, ọmọ a padà délé, a ní jíjà ni iṣẹ́ wọn. Ìlà 30 yẹn ni kò ní jẹ́ kí ó parọ́. Bí “ó jókòó lásán” bá jẹ́ 12, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, olùkọ́ ìṣirò náà ti ríṣẹ́ ṣe.

Ibi tó le jù ni kí ọmọ kọ ohun tó rí, kí ó má kọ ohun tó rò. Ọmọbìnrin kan fà mí láṣọ lọ́jọ́ kan.

“Mà, ìnàkí yẹn ń rẹ́rìn-ín sí wa.”

“Kí lo rí?”

“Ó ń rẹ́rìn-ín, mà.”

“Èrò rẹ nìyẹn. Ojú rẹ ńkọ́, kí ló rí?”

Ó tún wò ó. “Ó fa ètè sẹ́yìn. Eyín òkè hàn, eyín ìsàlẹ̀ hàn. Ó ń... ó ń sún sẹ́yìn, mà.”

Ẹ̀rù ló ń ba ìnàkí náà. Bí ìnàkí bá ń ṣeré, ó máa ń la ẹnu wẹ́rẹ́, ètè òkè á sì bo eyín òkè. Bó bá fa ètè sẹ́yìn tí gbogbo eyín hàn gbangba, tó sì ń sún sẹ́yìn, àyà rẹ̀ ń já. Ọmọ náà kò dákẹ́ lórí rẹ̀ títí a fi délé, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló rí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni yíyán. Akọ baboon tó yán tí eyín rẹ̀ gígùn yọ síta, ó lè má jẹ́ pé oorun ló ń kùn ún. Eyín ló ń fi han ẹlòmíràn. Títẹjú mọ́ ọ̀bọ, ìjà ni lójú tirẹ̀, nítorí náà mo máa ń kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n máa gbójú kúrò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Irun ìnàkí tó dìde gannaku, ẹ sún sẹ́yìn, ó lè ju nǹkan. Ọ̀bọ kan wà nínú igbó gúúsù orílẹ̀-èdè wa tí àtàrí rẹ̀ pupa bí ẹni dé fìlà, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì funfun. Tó bá ṣẹ́jú, funfun yẹn á kọ mànà, ọ̀rọ̀ ló fi ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ.

Ṣùgbọ́n bí n bá ní kí n mú ìwà kan ṣoṣo, ṣíṣa ara ni mà á mú. Ọ̀kan á jókòó, èkejì á máa fi ìka yẹ irun rẹ̀ wò, á máa ṣa ìdọ̀tí àti kòkòrò kúrò. Àwọn ọmọ rò pé ìmọ́tótó nìkan ni. Mo bi àwọn ọmọbìnrin pé báwo ló ṣe máa ń rí tí wọ́n bá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ìyá wọn tí wọ́n ń dirun fún wọn. Wọ́n ní oorun máa ń kùn wọ́n, wọ́n sì máa ń sọ ohun tí wọn kì í sọ níbòmíràn. Ó jọ ọ́. Ara ẹranko tí wọ́n ń ṣa máa ń balẹ̀, ọ̀rẹ́ ń ti ibẹ̀ wá, ìjà ń ti ibẹ̀ parí, ẹni tí o ṣa lónìí sì lè gbè ọ́ lọ́la. Mo máa ń ní kí wọ́n ya àmì ọfà láti ara ẹni tó ń ṣa sí ara ẹni tí wọ́n ń ṣa. Kí ìṣẹ́jú 30 tó pé, wọ́n ti ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá nínú àhámọ́ náà.

Òótọ́ kan wà tí olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ fi pa mọ́. Bí ọmọ bá rí ọ̀bọ tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú kan náà láìdáwọ́dúró, tàbí tó ń mi ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn, tàbí tó ń fa irun ara rẹ̀ tu, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé kì í ṣe ìwà inú igbó. Àhámọ́ ló fà á, tàbí ìdánìkanwà, tàbí àìríṣẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ náà máa ń ká wọn lára, ẹ jẹ́ kí ó ká wọn lára.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ju ẹ̀pà tàbí bisikíìtì sí wọn. Ọmọ tó bá ń wúkọ́ tàbí tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, kí ó dúró sílé lọ́jọ́ náà, bó bá tiẹ̀ dùn ún. Ikọ́ ẹ̀gbẹ, èèyi àti ọ̀fìnkìn lè ti ara wa ran ìnàkí, ohun tí ọmọ fi ọjọ́ mẹ́ta ru là lè pa ìnàkí.

Ní ti ibi tí ẹ ó lọ: ọgbà Ìbàdàn ti wà láti 1948, ó sì tóbi, ṣùgbọ́n ẹ wo aago. Àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀bọ máa ń lọ́yàyà. Lọ́sàn-án, wọ́n á sinmi. Ẹni tó ti Adó lọ Ìbàdàn, tó fẹ́ padà lọ́jọ́ kan náà, ojú oorun ni yóò ti bá àwọn ẹranko náà. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ní ọgbà ẹranko, kò jìnnà sí wa rárá, ibẹ̀ ni mo ń lọ báyìí. Mo máa ń kọ́kọ́ dá lọ láti wo ẹranko tó wà níbẹ̀ àti aago tí wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ.

A sì ní tiwa nílé. Ìnàkí wà nínú igbó ọba Ìsẹ̀, níhìn-ín ní Èkìtì. Irú tí kò sí níbòmíràn ju Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù lọ ni, iye wọn lápapọ̀ kò sì tó 10,000. Abo rẹ̀ kì í sábà bí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún márùn-ún, ọmọ náà á sì máa mu ọmú fún bí ọdún mẹ́rin. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo ìyá àti ọmọ fún ìṣẹ́jú 30, mo máa ń ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀ fúnra wọn: bí ọdẹ bá pa abo kan lónìí, ọdún mélòó ni igbó Ìsẹ̀ yóò fi dí àyè rẹ̀?

Iléèwé tí kò lówó bọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ torí ìyẹn jókòó. Ewúrẹ́ mẹ́rin máa ń wá sẹ́yìn iléèwé wa láago mẹ́wàá. Ìwé kan náà, ìlà 30, ọmọ mẹ́ta mẹ́ta lábẹ́ igi máńgòrò, ẹnì kan ń ké “Ó tó!”