Àkùkọ Kò Kà: Bí Ìwé Ẹyẹ Ọlọ́dọọdún Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ní ìdájí ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ, ohùn ẹyẹ tó máa ń kọ́kọ́ dé etí ọ̀pọ̀ èèyàn ni ti àkùkọ. Kò kà: kò wọ iye ẹ̀yà ẹyẹ tí èèyàn ń kọ sílẹ̀ láàárín ọdún kan. Ohun ọ̀sìn ni, bí pẹ́pẹ́yẹ àti tòlótòló ṣe jẹ́ ohun ọ̀sìn. Ẹni tó bá ń kọ ìwé ẹyẹ ọlọ́dọọdún ní láti dúró de èyí tí ẹnikẹ́ni kò sìn: àdàbà tó ń ké lórí wáyà iná, ẹ̀ga tó ń pariwo lórí ọ̀pẹ, àwòdì tó ń rá bàbà lókè. Èyí tó bá kọ́kọ́ rí tàbí tó kọ́kọ́ gbọ́ nínú wọn ni yóò kọ sí ipò kìíní. Lálẹ́ àná, ìwé rẹ̀ lè ní 300 ẹ̀yà ẹyẹ. Láàárọ̀ yìí, òdo ni.

Láti aago méjìlá òru tí ọdún wọlé títí di aago méjìlá òru tí yóò fi jáde, iye ẹ̀yà ẹyẹ tí èèyàn bá pàdé ni wọ́n ń kà, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó rí ẹgbẹ̀rún lékèélékèé láàárín agbo màlúù kọ ọ̀kan. Ẹni tó rí ẹyọ kan kọ ọ̀kan. Ẹyẹ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run láyé kò sì wúwo ju ológoṣẹ́ lọ nínú ìṣirò yìí. Àwọn kan ka èyí sí àbùkù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Ẹni tó ti ń wo ẹyẹ láti ogún ọdún kì í yíjú wo àdàbà ní oṣù kẹjọ. Lọ́jọ́ kìíní ọdún, yóò dúró, yóò wò ó tẹ́rùn, torí pé ìwé ti padà sí òdo, ẹyẹ tí ojú ti mọ́ sì tún di tuntun.

Òfin rẹ̀ kò ṣòro. Ẹyẹ gbọ́dọ̀ wà láàyè, kó jẹ́ ẹyẹ ìgbẹ́, kó má sí nínú àgò tàbí nínú okùn, kó sì wà nínú ààlà tí ẹni náà yàn, ì báà jẹ́ ọgbà ilé rẹ̀, ìpínlẹ̀ kan, orílẹ̀-èdè kan tàbí gbogbo ayé. Ẹyin kì í ṣe ẹyẹ. Ohùn ń kà, oore ńlá sì nìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ òwìwí ló jẹ́ pé igbe wọn nìkan ni wọ́n fi ń wọ ìwé. Ẹni tó bá ní dandan kí ojú òun to gbogbo wọn kò ní sùn tí ọdún á fi parí. Ẹgbẹ́ American Birding Association ló ń ṣe òfin yìí fún àwọn tó ń díje ní Àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń pe ìdíje náà ní Big Year.

Ọ̀rọ̀ “ẹyẹ ìgbẹ́” yẹn ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Odídẹrẹ́ inú àgò kò kà. Bó bá já, tó lọ bà lé igi máńgòrò aládùúgbò, kò tíì kà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé tó kún àwọn ọgbà ìtura ní Lọ́ńdọ̀nù ń kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyẹ àgò ni àwọn ìyá ńlá wọn. Wọ́n ti ń pamọ fúnra wọn látọdúnmọ́dún láìsí ẹni tó ń bọ́ wọn. Wọ́n ti di ọmọ ìlú. Ti lékèélékèé tún yàtọ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di 1953 ó ti ń yé ní Florida. Kò sẹ́ni tó gbé e wọkọ̀. Ìyẹ́ ara rẹ̀ ló fi sọdá òkun, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń bá a jà: ẹyẹ tí àwọn ọmọdé wa ń na èékánná sí pé kó fún àwọn ní funfun wà nínú ìwé ọdún ará Texas bó ṣe wà nínú ti ará Ìbàdàn.

Rírí ẹyẹ rọrùn. Mímọ̀ ọ́n ni iṣẹ́. Àwọn àgbà ti fi àwọ̀ dá àwọn kan mọ̀, wọ́n ní àgbè ló laró, àlùkò ló losùn, lékèélékèé ló lẹfun, ṣùgbọ́n àwọ̀ nìkan kì í tó. Ẹ wo Ibadan malimbe, ìbátan ẹ̀ga tí kò sí níbòmíì láyé yìí ju ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà lọ, tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Elgood ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1958. Ó wà nínú igbó tó wà nínú ọgbà ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA n’Ìbàdàn. Dúdú àti pupa ni akọ rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé dúdú àti pupa náà ni akọ àwọn ìbátan rẹ̀ kan, orí igi gíga ni gbogbo wọn sì ń gbé, nítorí náà ikùn ni ẹni tó wà nílẹ̀ ń rí. Bí orí àti ẹ̀yìn ọrùn bá pupa ṣùgbọ́n tí ọ̀fun àti àyà dúdú, Red-headed malimbe ni. Bí àyà bá pupa, ojú á yára lọ sí abẹ́ ìrù: bí ibẹ̀ náà bá pupa, Red-vented ni. Bí abẹ́ ìrù bá dúdú, ó ku orí: bí ìyẹ́ orí bá ta ṣóńṣó, Crested ni. Bí orí bá pupa ṣùgbọ́n tí kò ta ṣóńṣó, àyà ẹni tó gbé bínọ́kúlà sójú á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì. Gbogbo ìyẹn kí ẹyẹ tó fò wọnú ewé o.

Láyé àtijọ́, ìwé pélébé inú àpò àti bírò ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Báyìí, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ eBird ni ọ̀pọ̀ ń lò, tí yunifásítì Cornell àti ẹgbẹ́ Audubon dá sílẹ̀ ní 2002. Èèyàn á kọ ibi tó wà, aago tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó, bó ṣe rìn jìnnà tó, àti iye tó rí nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ètò náà á wá bi í léèrè bóyá gbogbo ẹyẹ tó dá mọ̀ ló kọ síbẹ̀. Ó jọ ìbéèrè kékeré, ṣùgbọ́n òun ló wúlò jù fún àwọn onímọ̀, nítorí bí ẹyẹ kan kò bá sí nínú ìwé tó pé, wọ́n lè gbà pé ẹni náà kò rí i, kì í ṣe pé ó fò ó. Lẹ́yìn náà ni ètò á fúnra rẹ̀ ṣírò ti oṣù, ti ọdún àti ti gbogbo ìgbésí ayé ẹni náà. Bí ẹyẹ tí kì í sábà sí níbẹ̀ lásìkò yẹn bá wọlé, àsíá á gòkè, alábòójútó àdúgbò tó ń fi iṣẹ́ yìí ṣe ọ̀fẹ́ á sì béèrè fọ́tò tàbí àlàyé. Bí àlàyé náà kò bá tẹ̀wọ̀n, ẹyẹ náà kò ní wọ àkọsílẹ̀ gbogbogbòò, ṣùgbọ́n yóò ṣì wà nínú ìwé ẹni tó kọ ọ́. Ìyẹn ni pé èèyàn lè máa tan ara rẹ̀ títí ọdún á fi parí, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró.

Noah Strycker, awòyẹ ọmọ Amẹ́ríkà, fi òfin kan dí ihò yìí nígbà tó fi gbogbo 2015 yí ayé ká: ó kéré tán, ẹnì kan mìíràn gbọ́dọ̀ bá òun rí ẹyẹ náà tàbí gbọ́ ọ. Antarctica ló ti bẹ̀rẹ̀, ó dé orílẹ̀-èdè 41, ó sì parí pẹ̀lú ẹ̀yà 6,042 nínú nǹkan bí 11,000 tó wà láyé. Kò pẹ́ rárá: ní 2016, Arjan Dwarshuis láti Netherlands kọjá 6,800.

Àsìkò ló ń pinnu bí nọ́ńbà ṣe ń ga. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ, ó ń fò bí irẹ̀, torí ohun gbogbo ni tuntun. Tó bá di àárín ọdún, èèyàn lè rìn láti òwúrọ̀ dalẹ́ kó má rí ẹyọ kan fi kún un. Ẹni tó wà ní gúúsù Nàìjíríà mọ̀ pé àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù Yúróòpù ń dé láti bí oṣù kẹwàá, wọ́n á sì ti padà kí òjò tó rinlẹ̀. Èyí tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹta, ó di òpin ọdún. Ní Àríwá Amẹ́ríkà, etíkun Texas ni wọ́n ń sáré lọ ní oṣù kẹrin, kí wọ́n tó gbéra lọ sí Alaska. Owó wọkọ̀ òfuurufú wá ń wọ ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ Kenn Kaufman fi hàn ní 1973 pé ẹsẹ̀ náà lè ṣe é. Ọ̀dọ́mọdé ni, kò lówó, ojú títì ló ti ń dá ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ dúró káàkiri Amẹ́ríkà. Ó rí 666. Floyd Murdoch tó borí rẹ̀ lọ́dún náà rí 669. Ní 1998, ojú ọjọ́ El Niño, tí ìgbóná omi òkun Pàsífíìkì máa ń fà, gbé ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n wá sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Sandy Komito sì lé wọn dé 745. Kò sẹ́ni tó kọjá rẹ̀ títí di 2013. Láti ìgbà tí wọ́n ti wá fi Hawaii kún ààlà ìdíje Àríwá Amẹ́ríkà náà, fífi nọ́ńbà òní wé tàná ti di fífi oko méjì tí kò dọ́gba wéra.

Nàìjíríà ní irú tiẹ̀ tó lọ́nà mìíràn, ìyẹn iṣẹ́ àwòrán-ilẹ̀ ẹyẹ tí APLORI, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ ní Jos, ń ṣagbátẹrù. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí àpótí àpótí, tí ìhà kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án, ẹni tó bá sì wọ àpótí kan gbọ́dọ̀ lo wákàtí méjì ó kéré tán, kó máa fi áàpù BirdLasser kọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń rí i. Níbí, ẹni tó padà sí àpótí kan náà nígbà mẹ́wàá ló ń ṣe iṣẹ́ gidi, kì í ṣe ẹni tó ń sáré lé èyí tó ṣọ̀wọ́n.

Nǹkan kan ṣì kù tó lè yí ìwé padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jáde nílé. Àwọn onímọ̀ máa ń tún ẹ̀yà yẹ̀ wò lọ́dọọdún. Wọ́n ti ya lékèélékèé Éṣíà kúrò lára ti Áfíríkà, ẹni tó bá sì rí méjèèjì ní ọdún kan náà á gba ẹyọ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní 2024 sí àwọn ẹyẹ kéékèèké ilẹ̀ òtútù tí wọ́n ń pè ní redpoll: mẹ́ta ni wọ́n kà wọ́n sí tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ wọ́n di ọ̀kan. Ẹni tó ti fi òtútù àti owó epo wá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí, ó sùn, ó jí, ẹyẹ méjì ti fò kúrò nínú ìwé rẹ̀.