Oúnjẹ Kún Ilẹ̀, Kò Dé Ọ̀dọ̀ Mi: Ìbéèrè Àwọn Àlejò Nípa Oúnjẹ Òde

Iṣẹ́ alásè ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ọdọọdún ni àwọn àgùnbánirọ̀ máa ń wọ̀lú láti ọ̀nà jíjìn, tí ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ á sì fà wọ́n lọ sóde lọ́jọ́ Sátidé. Bẹ́ẹ̀ náà la máa ń rí òyìnbó tó fẹ́ ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, tó wá bá àna rẹ̀ ṣe òkú. Wọ́n á rìn dé ẹ̀yìn ilé níbi tí mo ti ń dáná, wọ́n á máa bi mí ní ìbéèrè. Ohun tí àwa onílé sì máa ń sọ fún wọn ni pé, "Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn." Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Mo kó díẹ̀ nínú ìbéèrè wọn jọ síbí.

Mo jókòó fún wákàtí méjì níbi ìsìnkú kan. Àwọn agbóúnjẹ ń kọjá lójú mi, tábìlì iwájú jẹ, tẹ̀yìn jẹ, èmi ò rí omi mu. Kí ni mo ṣe fún wọn?

Ẹ ò ṣe nǹkan kan fún wọn. Abẹ́ àtíbàbà ẹlòmíì lẹ jókòó sí ni.

Òkú àgbà tó bímọ púpọ̀ kì í ṣe òde kan. Òde mẹ́rin, márùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló kóra jọ sójú pápá kan náà. Ọmọ olókùú kọ̀ọ̀kan ló ń gba àlejò tirẹ̀. Ó ní àtíbàbà tirẹ̀, ó ní aṣọ tó yàn fún àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní kúlà tirẹ̀, ó sì lè ní alásè tirẹ̀. Bí àkọ́bí bá gbé iṣẹ́ fún mi, àbúrò rẹ̀ lè gbé tirẹ̀ fún ẹlòmíì, àwa méjèèjì á sì jọ dáná lẹ́yìn ilé kan náà láì da ìkòkò pọ̀. Ọmọ tó gbé àwo kọjá lára yín ò mọ̀ yín rí. Àlejò ọ̀gá rẹ̀ ló ń wá kiri, aṣọ ọrùn wọn ló sì fi ń dá wọn mọ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá dé òde, ẹ má kàn jókòó síbi tí ibòòji bá wà. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó pè yín rí. Ẹ kí i, ẹ jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí yín, kó fi yín jókòó. Á pe ọmọ kan, á ní, "Àlejò mi nìyí o." Gbólóhùn yẹn ló ń gbé oúnjẹ wá, kì í ṣe ìwé ìpè tó wà lápò yín.

Ohun kan wà tí àwọn àlejò kì í mọ̀: èmi alásè kọ́ ni mò ń pín oúnjẹ. Tí mo bá ti sè é tán, tí mo rọ ọ́ sínú kúlà, ọwọ́ mi ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ni ìnáwó á ti fi ẹnì kan jókòó ti kúlà, àǹtí kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹran wà, nínú ike ọ̀tọ̀, ó sì ti kà á. Ẹran la ń kà, a kì í ka ìrẹsì. Tí ẹ bá gbọ́ pé oúnjẹ ti tán, ẹran ló tán. Ìrẹsì lè wà ńlẹ̀ ní àbọ̀ kúlà, ṣùgbọ́n ojú máa ń ti ẹni tó ń ṣe é láti gbé ìrẹsì láìsí ẹran síwájú àlejò.

Kí ló dé tí àmàlà fi dúdú? Ṣé ó jó ni?

Kò jó. Iṣu ni wọ́n bó, tí wọ́n bọ̀ lómi gbígbóná, tí wọ́n sá sóòrùn títí ó fi gbẹ, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Níbi bíbọ̀ àti sísá yẹn ni àwọ̀ rẹ̀ ti ń yí. Èlùbọ́ fúnra rẹ̀ kì í dúdú tó bẹ́ẹ̀. Tó bá kan omi híhó lẹ máa rí i. Èyí tó funfun tí wọ́n ń jẹ l'Ábẹ́òkúta, láfún ni, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ṣe é.

Tí wọ́n bá bi yín pé "òkèlè àbí ìrẹsì?", àmàlà, iyán, ẹ̀bà, fùfú àti láfún ni wọ́n ń pè ní òkèlè. Ẹ óò bù ú lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ óò tọ́ ọbẹ̀, ẹ óò gbé e mì. Iyán fẹ́ràn ẹ̀gúsí àti ẹ̀fọ́ rírò. Ẹ bi àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Àmàlà ní tirẹ̀, ewédú àti gbẹ̀gìrì ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata lórí. Ìyẹn là ń pè ní àbùlà. Gbẹ̀gìrì tó pupa rúsúrúsú yẹn, ẹ̀wà ni; ewédú ni èyí tó ń yọ̀, ìjábẹ̀ la fi ń ja á. Tó bá ń tẹ̀lé ọwọ́ yín bí okùn, ẹ má bẹ̀rù, ẹ yí ọwọ́ díẹ̀, á já.

Mo ra ata kan náà, mo ra ìrẹsì kan náà, mo sè é ní jọ̀lọ́ọ̀fù nílé. Kò rí bíi tòde rárá. Kí lẹ ń fi sí i?

Igi. Ìdáhùn kúkúrú nìyẹn, àmọ́ igi nìkan kọ́.

Ata ló ṣáájú. Tàtàṣé, rodo, tòmátò àti àlùbọ́sà, a lọ̀ wọ́n pọ̀, a gbé wọn kaná lásán títí omi ara wọn á fi gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni òróró tó wọ ìkòkò, àlùbọ́sà rírẹ́ á kọ́kọ́ dín nínú rẹ̀, tòmátò alágolo á tẹ̀ lé e, ata gbígbẹ yẹn á wá wọlé. À ń dín in títí òróró á fi léfòó. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú. Ẹni tó bá kánjú níbí, ìrẹsì rẹ̀ á kan, kò sí Máàgì tó lè gbà á sílẹ̀. Omi ẹran á wá dé, pẹ̀lú kọ́rì, táìmù àti ìwọ̀n iyọ̀.

Ìrẹsì oníhóró gígùn, tí wọ́n ti bọ̀ nílé iṣẹ́ kí wọ́n tó bó o, la ń lò, nítorí kì í tètè fọ́ nínú ìkòkò ńlá. Omi kò gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Tó bá ti ń fà, a ó fi fóìlì tàbí ọ̀rá bo ojú rẹ̀, a ó gbé ìdérí lé e, a ó fa igi jáde lábẹ́ àdògán, ó ku ẹ̀yín iná nìkan. Ooru ló máa sè é parí. Ìsàlẹ̀ á jó díẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ kó jó! Èéfín tó ti ìsàlẹ̀ yẹn gòkè, tí kò ríbi gbà jáde, òun ni òórùn tí ẹ ń wá kiri. Ṣùgbọ́n ẹ má ro ó débẹ̀, torí ohun tó jó kò gbọdọ̀ dé òkè.

Àwọn alásè wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọn ò lè dáná igi nínú gbọ̀ngàn, orí gáàsì ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìdí ìkòkò mú iná díẹ̀. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ nílé: ẹ bò ó pinpin, ẹ rẹ iná sílẹ̀, ẹ dúró tì í.

Orúkọ rẹ̀, jọ̀lọ́ọ̀fù, ọ̀dọ̀ àwọn Wolof ní Senegal ló ti wá. Ìrẹsì ẹlẹ́ja tiwọn, ceebu jën, wọ ìwé ogún àṣà ti UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àti àṣà, ní ọdún 2021. Ti ìjà àwa àti Gánà lórí ta ni jọ̀lọ́ọ̀fù rẹ̀ dùn jù, mi ò sí níbẹ̀.

Mi ò lè jẹ ata.

Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bu oúnjẹ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ béèrè ìrẹsì dídín tàbí dòdò. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́ tí wọ́n bá ní "kò ta". Ọmọ ilé yìí ló ń sọ̀rọ̀.

Mi ò kì í jẹ ẹran. Mo ní kí wọ́n yọ ẹran kúrò, wọ́n yọ ọ́. Ṣé ó tán?

Kò tán, ó sì yẹ ká máa sọ òótọ́ fún àlejò níbí. Omi ẹran ló wà nínú ìrẹsì. Edé wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀gúsí, ó sì lè wà nínú gbẹ̀gìrì pẹ̀lú. Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́mìí méje, ẹyin, ẹja, edé àti ẹran alágolo ló kún inú rẹ̀. Tí ara yín bá kórìíra edé, ẹ fi dandan rí alásè fúnra rẹ̀. Dòdò àti iṣu dídín lè gbà yín.

Kí ló wà nínú ewé yẹn, kí ló sì ń rùn?

Tó bá jẹ́ ewé eéran tí wọ́n pọ́n bí àpò kékeré, mọ́ínmọ́ín ni. Tó bá jẹ́ ìrẹsì ni ẹ rí nínú ewé, Ọ̀fadà ni. Ọ̀fadà, ìlú ni ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Hóró rẹ̀ kúrú, ó ki, wọn kì í bó o dan. Òórùn rẹ̀ wá láti inú rírẹ tí wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí wọ́n tó bọ̀ ọ́. Ọbẹ̀ orí rẹ̀, ata tí kò tíì pọ́n ni, irú, ṣàkì, pọ̀nmọ́, ẹyin, nínú epo pupa tí a yọ́ títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí. Tí ẹ bá di imú, ẹ óò pàdánù. Èmi, tí mo bá lọ sóde tí kì í ṣe èmi ni mo sè, òun nìkan ni mo máa ń jẹ.

Báwo lẹ ṣe ń mọ iye tí ẹ máa sè, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí a ò pè náà ń wá?

Àpò ìrẹsì kan jẹ́ 50 kìlógíráàmù. Tí àwo kan bá gba 150 gíráàmù ká tó sè é, àpò kan bọ́ nǹkan bí 330 èèyàn. Ìṣirò orí ìwé nìyẹn. Lóde, mi ò kì í kà á ju 250 lọ, torí àwo àgbà kì í ṣe àwo kan. Mi ò sì kì í béèrè pé ẹni mélòó lẹ pè. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé, "Aṣọ mélòó lẹ tà?" Ẹni tó ti sanwó aṣọ ẹbí, ó ń bọ̀. Mo wá fi ti ìdílé ìyá, ti ìdílé bàbá, onílù àti awakọ̀ kún un.

Àwọn kan máa ń ra èlò fúnra wọn, wọ́n á san owó iṣẹ́ fún mi lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn á ní kí n ra gbogbo rẹ̀, ká ṣírò rẹ̀ lórí èèyàn. Mo fẹ́ràn ti àkọ́kọ́. Owó ọjà ń yí kí ọjọ́ ìnáwó tó dé, ìjà rẹ̀ kì í sì í tán bọ̀rọ̀.

Mo rí màmá kan tó yọ ọ̀rá láti inú báàgì, ó di oúnjẹ sí i. Ṣé kì í ṣe olè nìyẹn?

Kì í ṣe olè, tó bá jẹ́ àwo tirẹ̀. Màmá yẹn kò wá fún ara rẹ̀ nìkan. Ó wá ṣojú bàbá tí ẹsẹ̀ ń dùn nílé àti àwọn ọmọ-ọmọ tó ń retí rẹ̀. Tó bá dé láìmú nǹkan dání, wọ́n á bi í pé òde wo ló lọ. Ẹni tó wá ń kó ẹran orí tábìlì tí ẹlòmíì dìde kúrò nídìí rẹ̀ láti lọ jó, olè ni ìyẹn, a sì mọ̀ wọ́n.

Tí ẹ̀yin náà bá fẹ́ gbé díẹ̀ lọ sílé, ẹ wá bá mi ní ẹ̀yìn ilé láàárọ̀, kí n tó rọ ọ́ sínú kúlà. Tó bá ti dé ọ̀dọ̀ àǹtí, èmi náà máa ń bẹ̀bẹ̀ ni.