Kí Ẹ Tó Pa Ewú Yín Láró Nílé

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bàbá kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe irun wọlé tọ̀ mí wá, ó fa fìlà bo iwájú orí. Nígbà tí ó ṣí i, mo rí i pé ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì ti wú débi pé ó ní láti gbé àgbọ̀n sókè kí ó tó lè rí mi, etí rẹ̀ ti pọ́n, omi sì ń sun ní ẹ̀bá irun rẹ̀ láti iwájú dé ìpàkọ́. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ó ti pa ewú rẹ̀ láró nítorí ìnáwó ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ìyá Ṣadé, kì í ṣe dáì ló fa èyí o, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń lò ó.” Gbólóhùn yẹn gan-an ni mo fẹ́ fèsì sí níbí, nítorí pé mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà lemọ́lemọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni pípẹ́ tí ènìyàn ti ń lo dáì kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó ń sọ irun di dúdú nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ dáì tí a ń rà, ìbáà jẹ́ ti páúdà tàbí ti kírímù, ni èròjà kan tí orúkọ rẹ̀ gùn, p-phenylenediamine, tí a ń gé kúrú sí PPD. Òfin àjọ ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí ó ju ìdá 2 nínú 100 lọ nínú àpòpọ̀ tí yóò kan orí ènìyàn. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò aró ni mo dàgbà sí ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, iṣẹ́ ìyá mi sì ni mo fi máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi. Aṣọ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú aró kì í dúdú. Àwọ̀ ewé ni ó máa ń ní, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń sọ ọ́ di aláró bí ó ti wà lórí okùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni dáì irun ṣe ń ṣe: bí ẹ bá pò ó sínú abọ́, yóò kọ́kọ́ mọ́ díẹ̀ bí tíì oníwàrà, lẹ́yìn náà ni yóò máa ṣú lójú yín. Ṣùgbọ́n aṣọ kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Bí dáì ti ń yí padà lórí ènìyàn, PPD tí kò tíì di àwọ̀ tán a máa gba awọ orí wọlé.

Ara kì í sábà bínú sí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ ogun tí ń ṣọ́ ara a kọ́kọ́ dá a mọ̀, wọn a fi í sọ́kàn, ó sì lè di ìgbà kejì tàbí ogún ìgbà kí wọ́n tó dìde sí i. Bí wọ́n bá sì dìde, kì í sábà jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni ara máa ń yún, tí yóò wú, tí yóò sì lé ròrò. Ìdí nìyí tí bàbá náà fi jó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láìsí ohun tí ó ṣe é, tí ojú rẹ̀ sì dí ní òru ọjọ́ Àìkú. Ara tí ó bá ti kọ PPD báyìí kì í sábà gbà á padà mọ́, ìjà tí yóò bá a jà lẹ́yìn náà sì lè le ju ti ìṣáájú lọ.

Ibòmíràn sì ni ara ti lè kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Làálì gidi, tí a fi ewé lílọ̀ ṣe, pupa rúsúrúsú ni ó máa ń fi sílẹ̀ lára, kò lè dúdú bí èédú. Èyí tí ó dúdú kirikiri tí wọ́n fi ń ya ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìyàwó, dáì irun ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ọn, kò sì sí ẹni tí ó ń wọn iye rẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n yà á fún ní ọmọ ọdún 10 lè má rí nǹkan kan títí yóò fi di ẹni 40 ọdún, tí yóò ra dáì àkọ́kọ́ láti fi pa ewú.

Ìyá mi kì í ki odindi aṣọ bọ aró tuntun láìkọ́kọ́ ki etí rẹ̀ kan bọ̀ ọ́. Àwọn tí ń ṣe dáì náà ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìlànà wọn: wákàtí 48 kí ẹ tó lò ó, ẹ fi díẹ̀ sẹ́yìn etí tàbí sí inú ìgúnpá níbi tí apá ti ń ká, bí ìwé náà bá ti wí, kí ẹ sì máa wò ó. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan láyé. Ẹni tí ó ra dáì ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kò ní wákàtí 48, ìyẹn sì ni ó ń ba ti ilé jẹ́ jù lójú mi. N kò ní purọ́ pé dáì tiwa ní ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni kì í dán an wò fún oníbàárà, ó sì yẹ kí ẹ bá wa jà sí i.

Ti irun fúnra rẹ̀ kò tó ìyẹn léwu, àmọ́ òun ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Ìta ẹyọ irun kan dà bí ìpẹ́ ẹja, dáì sì gbọ́dọ̀ ṣí ìpẹ́ náà kí ó tó wọlé. Àwọn kan ń sọ pé omi lásán ni àwọn fi po páúdà tàwọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka ara páálí rẹ̀, ẹ lè rí sodium perborate níbẹ̀, èyí tí ó máa ń di pẹ̀rọ́sáìdì, oògùn líle tí ń bó àwọ̀ irun, bí omi bá ti kàn án. Irun máa ń hù tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, nítorí náà ìdí irun nìkan ni ó nílò dáì tuntun. Nílé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí ìpàkọ́ ara rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni a ń dà lé gbogbo orí, ṣóńṣó irun tí ó ti gba dáì mẹ́fà ṣáájú a sì máa já bí òwú gbígbó. Ẹni tí ó bá fi ríláásà, oògùn tí ń na irun, sí irun, kí ó fi ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì sí àárín àwọn méjèèjì.

Ẹ má fi dáì kan irun òkè ojú tàbí irun ìpéǹpéjú láé. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1930 sí 1939, dáì ìpéǹpéjú tí ó ní PPD nínú fọ́ ojú obìnrin, ó sì wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n ṣe òfin ọdún 1938 lórí oúnjẹ, oògùn àti ohun ìṣaralóge.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ fi omi púpọ̀ ṣan orí, ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ pa á. Bí ojú tàbí ètè bá wú, tàbí tí èémí kò já geere, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú páálí dáì náà dání kí dókítà lè ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bàbá yẹn ti da tirẹ̀ nù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó padà lọ tú àpò ìdọ̀tí ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì bá a lábẹ́ èèpo iṣu: páálí kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ìwé ìlànà ṣì wà nínú rẹ̀ ní kíká, kò sí ẹni tí ó tíì tú u wò.