Igi kajú àti epo ìdáná ní Gúúsù Kwara

Igi kajú, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anacardium occidentale, wá láti Bràsíìlì. Àwọn ará Pọtogí ló gbé e káàkiri ayé ní ọ̀rúndún 16. Ní agbègbè Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo, àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ín nítorí kóró rẹ̀ tí wọ́n ń tà. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í so lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 3.

Èso rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó ń ṣa kajú á lọ́ kóró kúrò nídìí èso, á ju èso sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kó tó di ọjọ́ kejì, òkìtì náà á ti máa rùn bí ẹmu kíkan, eṣinṣin á sì ti bò ó. Òórùn yẹn gan-an ló ń sọ pé ṣúgà inú èso ti ń di ọtí. Bẹ́ẹ̀, èso yìí wúwo ju kóró lọ ní ìlọ́po 5 sí 10. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìkórè là ń dà nù.

Ẹni tó bá fẹ́ fi èso yìí ṣe epo ìdáná á fún omi rẹ̀, á sẹ́ ẹ, á fi ìwúkàrà díẹ̀ sí i, á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni yóò sè é nínú dúrọ́ọ̀mù, bí àwọn tó ń se ògógóró ṣe ń ṣe. Ọtí ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 78 Sẹ́lṣíọ̀sì, omi ní 100, nítorí náà ọtí ló ń kọ́kọ́ rú jáde, tí á gba inú páìpù tó wà nínú omi tútù kọjá, tí á sì máa kán. Ó di dandan kí a tún un sè kó tó le débi tí yóò jó dáadáa. Epo ni, kì í ṣe ohun mímu.

Ìṣirò rẹ̀ ṣe pàtàkì. Bí omi kajú 100 lítà bá ní ṣúgà kílò 10, ẹtánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí náà gan-an, tó lè ti inú rẹ̀ jáde kò lè kọjá lítà 6 àbọ̀, agbára lítà kan rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti pẹtiróòlù. Sítóòfù ilé ló bá a mu ju mọ́tò lọ. Kì í fi èéfín dúdú sí ìdí ìkòkò, àmọ́ iná rẹ̀ ṣòro láti rí lójú ọ̀sán, nítorí náà a kì í bu epo kún sítóòfù tó ṣì ń jó.

Iná tí a ó fi sè é ńkọ́? Ẹ̀ka tí a rẹ́ lára igi kajú fúnra rẹ̀ ni. Èèpo kóró nìkan ni kò yẹ kó wọ ilé ìdáná: epo inú rẹ̀ ń bó ara, èéfín rẹ̀ sì ń ta ojú.