Ọkọ̀ Tó Ní LSD Náà Máa Ń Há

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, tí ọ̀nà oko apá Ajáàwà sì ti di ẹrẹ̀, àwọn tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó ẹ̀gẹ́ máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé ọkọ̀ tí wọ́n bá ti fi LSD (ẹ̀rọ tó ń dín bí táyà kan ṣe ń yọ̀ kù) sínú dífù rẹ̀, ìyẹn àkójọ gíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì, kò lè há mọ́, nítorí pé táyà ẹ̀yìn méjèèjì yóò máa yí pọ̀ nígbà gbogbo. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí táyà ẹ̀yìn mi ti ọ̀tún bọ́ sórí kòtò àgbàrá, tí kò kan ilẹ̀ rárá. Ó ń yí fìrìfìrì lófuurufú. Ti òsì tó wà lórí ilẹ̀ líle kò mira, bẹ́ẹ̀ LSD wà nínú dífù náà.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣẹ́ kọ́nà, táyà ìta ń rìn jìnnà ju ti inú lọ. Bí àyè àárín àwọn méjèèjì bá jẹ́ mítà 1.5, tí a sì yí ọkọ̀ padà síbi tó ti ń bọ̀, táyà ìta yóò fi nǹkan bíi mítà 4.7 rìn ju ti inú lọ. Dífù ló ń fàyè gba ìyàtọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni dífù lásán ń kó gbogbo agbára fún táyà tó ń yọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọọgba ló ń pín in. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìwọ̀nba agbára tí táyà inú ẹrẹ̀ lè gbà náà ni èkejì yóò rí, bó ti wù kí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ le tó.

Ohun tí LSD ń ṣe ni pé ó ń bu kún ìwọ̀nba yẹn. Kì í de táyà méjèèjì pọ̀. Oríṣi onígíà, irú ti Torsen, lè sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta fún táyà tó di ilẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́ta òfo, òfo náà ni, ohun tó sì dè mí mọ́lẹ̀ lójú kòtò náà nìyẹn. Bàbá awakọ̀ kan tó bá mi níbẹ̀ ló ní, “Ọmọ mi, rọra fa háńbúréèkì díẹ̀, kí o wá tẹná.” Bí búréèkì ṣe ń di táyà tó wà lófuurufú lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ti òsì rí agbára, a sì jáde.

Oríṣi tó ní àwo kílọ́ọ̀ṣì ní sípíríǹgì tó ń tẹ àwọn àwo náà pọ̀, nítorí náà ó lè fà díẹ̀ bí táyà kan tilẹ̀ wà lókè. Àmọ́ àwo a máa jẹ, ó sì nílò ọ́ìlì tirẹ̀. Bí wọ́n bá da ọ́ìlì gíà lásán sí i, ìdí ọkọ̀ lè máa gbọ̀n ní kọ́nà.

Lọ́kà ló ń de táyà méjèèjì pọ̀ ní tòótọ́. Ẹni tí táyà rẹ̀ máa ń gbéra kúrò nílẹ̀ lọ́nà oko ni mo rò pé ó yẹ, kí ó sì jẹ́ èyí tó ní bọ́tìnì, nítorí pé lórí ọ̀dà yóò máa ha táyà, yóò mú kí ọkọ̀ kọ̀ láti ṣẹ́ kọ́nà, ó sì lè ṣẹ́ ọ̀pá ìdí ọkọ̀. Ẹni tó ń ná Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lójoojúmọ́, tó kàn ń wọ oko lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, onígíà ni kí ó rà. Kí ó má sì rò pé yóò di ọkọ̀ mú lórí ọ̀dà tó tutù: bí ó bá tẹná jù ní kọ́nà, táyà ẹ̀yìn méjèèjì lè yọ̀ pọ̀, kí ìdí ọkọ̀ sì fì síta.

Bí o bá fẹ́ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ní ó ní LSD, fi òkúta dí táyà iwájú, fi jáàkì gbé ẹ̀yìn méjèèjì sókè, tú háńbúréèkì, fi gíà sí nútírà, kí o wá fọwọ́ yí táyà kan. Bí èkejì bá bá a yí sí ọ̀nà kan náà, àwo inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá yí sí òdì, ó lè jẹ́ dífù lásán, ó lè jẹ́ pé àwo ti jẹ tán, ó sì lè jẹ́ onígíà tó dára. Kí mẹkáníìkì ṣí i wò kí o tó sanwó.