Ta Ló Ń Sanwó fún Agbáwo? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Ilé Oúnjẹ l'Ámẹ́ríkà

Ará wa tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, máa ń tètè mọ ọ̀nà ilé ìtajà, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ̀nà ibi iṣẹ́. Ilé oúnjẹ ló máa ń pẹ́ kó tó yé e. Agbáwo, ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá bá wa ní tábìlì, á fi ẹ̀rín pàdé yín bí ẹni tẹ́ ẹ ti jọ mọra tipẹ́, ẹ ó jẹun, ẹ ó yó, lẹ́yìn náà ìwé owó á dé, ọ̀rọ̀ á wá dojú rú. Mo kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù jọ síbí. Texas ni púpọ̀ nínú ìdáhùn mi dá lé, ṣùgbọ́n a ó yà sí ibòmíràn bí ọ̀rọ̀ bá gbé wa débẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ti san owó oúnjẹ tí mo jẹ. Owó wo ni agbáwo tún ń retí lọ́wọ́ mi?

Ìdáhùn: Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà kí onílé oúnjẹ máa san dọ́là 2.13 péré ní wákàtí kan fún òṣìṣẹ́ tó ń gba típù (owó ọrẹ tí oníbàárà ń fi kún owó oúnjẹ), iye yẹn ò sì tíì kúrò lójú kan láti 1991. Fún òṣìṣẹ́ mìíràn, owó tó kéré jù lábẹ́ òfin kan náà jẹ́ dọ́là 7.25, láti 2009. Dọ́là 5.12 tó wà láàárín méjèèjì, ọwọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá jẹun ni wọ́n ti ń retí rẹ̀. Bí típù ò bá kájú ẹ̀, òfin ní kí ọ̀gá fi tirẹ̀ dí i. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Agbáwo tó bá fẹ́ kí wọ́n fún òun láwọn wákàtí tó dáa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kì í sábà yanu béèrè.

Ìpínlẹ̀ yàtọ̀ síra o. Texas àti Georgia di 2.13 yẹn mú. Ní California, Washington, Oregon, Nevada, Montana, Minnesota àti Alaska, ọ̀gá gbọ́dọ̀ san odindi owó tó kéré jù lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ náà kí típù tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń retí típù níbẹ̀ náà, torí àṣà ò dúró de òfin.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú rèé: bẹ́ ẹ bá ti jókòó sídìí tábìlì l'Ámẹ́ríkà, ẹ ti di ọ̀kan lára àwọn tó gba agbáwo yẹn síṣẹ́. Púpọ̀ nínú ohun tó ń rú yín lójú, ẹ̀rín rẹ̀ o, ìkánjú rẹ̀ o, ibẹ̀ ló ti wá.

Ìbéèrè: Èló ni kí n wá fi sílẹ̀?

Ìdáhùn: Láti 15% dé 20%, 20% ló sì gbòde báyìí láwọn ìlú ńlá. Ká ní oúnjẹ yín jẹ́ dọ́là 60 ní Houston. Owó orí ọjà níbẹ̀ jẹ́ 8.25%, ìyẹn dọ́là 4.95. Típù 20% lórí 60 jẹ́ dọ́là 12. Àpapọ̀ rẹ̀ di 76.95. Orí owó oúnjẹ gan-an ni kẹ́ ẹ ti ṣírò típù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí ẹ̀rọ ń dábàá nísàlẹ̀ rìsíìtì máa ń ro owó orí mọ́ ọn nígbà míì.

Níbi ọjọ́ ìbí àti ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde lowó ará wa ti ń ṣòfò jù. Bí èèyàn bá ti tó mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ á ti fi 18% tàbí 20% kún owó náà fúnra wọn. Àwa ò ní ka ìwé. Ẹ̀gbọ́n kan á ní "ẹ fi tèyí sílẹ̀ fún mi", á sì tún fi 20% mìíràn lé e. Ẹ ka ìwé kẹ́ ẹ tó mú bírò.

Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Lọ́jà Bódìjà, ẹni tó ń tà ló ń bu èènì fún ẹni tó rà. Níhìn-ín, ẹni tó rà ló ń bu èènì. Ní ti ẹ̀rọ tí wọ́n ń yí síni lójú níbi tẹ́ ẹ ti dúró ra kọfí, tó ń béèrè 18, 20 tàbí 25%, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ No Tip sí kẹ́ ẹ máa lọ. Kò sẹ́ni tó gbé nǹkan wá bá yín ní tábìlì.

Ìbéèrè: Alert tó wọ fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ náà jẹ́ 64.95. Lọ́jọ́ kejì ó ti di 76.95. Ṣé wọ́n jí owó mi ni?

Ìdáhùn: Rárá. Agbáwo máa ń gbé káàdì yín lọ (ọ̀pọ̀ ará wa ò fẹ́ràn èyí, mi ò sì dá wọn lẹ́bi), á fà á fún iye tó wà nínú ìwé owó, á sì mú ìwé pélébé kan bọ̀. Ẹ̀yin lẹ ó fọwọ́ ara yín kọ típù sí i, ẹ ó ro àpapọ̀, ẹ ó fọwọ́ sí i. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti lọ tán ni iye tuntun yẹn tó dé báǹkì. Ẹ kọ àpapọ̀ náà kó hàn kedere, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀.

Ìbéèrè: Màmá mi wá kí wa láti Ìbàdàn. Ọmọbìnrin tí kò ju ogún ọdún lọ pè wọ́n ní "honey", inú wọn sì bàjẹ́ dalẹ́. Ṣé àrífín ni?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi bẹ màmá. Ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, "honey", "sweetie" àti "baby" ni wọ́n ń pe tọmọdé tàgbà, títí kan baba tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ adájọ́. Ọmọ kan náà á tún dá wọn lóhùn pé "yes, ma'am" kó tó kúrò níbẹ̀; ìyẹn ni kí màmá kà sí ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti dé ni yóò sọ orúkọ rẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tẹ́ ẹ ó pè. Ẹ má wá sọ ọ́ di ọ̀rẹ́ o. Mo ti jókòó ti bàbá kan tó ń bi agbáwo bóyá ó ti lọ́kọ àti irú iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu ọmọ náà, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló gbé omi wá fún wa lẹ́yìn ìyẹn.

Ìbéèrè: Ìyàwó mi ṣì ń jẹun, wọ́n ti ń kó àwo tèmi, ìwé owó sì dé láìjẹ́ pé mo béèrè. Ṣé wọ́n ń lé wa ni?

Ìdáhùn: Wọn ò lé yín. Bí tábìlì tó kọjá lọ́wọ́ agbáwo lálẹ́ ọjọ́ kan bá ṣe pọ̀ tó lowó tó ń gbé lọ sílé ṣe ń pọ̀ tó. Àti pé lójú tirẹ̀, kíkó àwo ẹni tó ti jẹ tán jẹ́ ìtọ́jú. Ẹ sọ fún un tẹ̀ríntẹ̀rín pé ẹ ò tíì ṣe tán, á fi í sílẹ̀.

Ilẹ̀ Faransé ni òdìkejì rẹ̀. Òfin ibẹ̀ ní kí owó iṣẹ́ ti wà nínú iye tí wọ́n kọ sí mẹ́nù, torí náà agbáwo ò rí èrè kankan nínú ìkánjú. Lójú wọn, kí wọ́n gbé ìwé owó wá láìbéèrè gan-an ni lílé èèyàn jáde. Ọmọ Yorùbá tó bá ti Houston dé Paris á jókòó títí, á rò pé wọ́n ti gbàgbé òun tàbí pé torí àwọ̀ òun ni. Nígbà míì torí àwọ̀ ni lóòótọ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ná, bóyá ìwé ti dé ọ̀dọ̀ tiwọn.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè pe agbáwo?

Ìdáhùn: Ẹ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo ojú rẹ̀. Àtẹ́wọ́ àti "pssst" tí a fi ń pe ọmọ búkà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní Mọ́kọ́lá. Ní Japan, kò sóhun tó burú nínú kẹ́ ẹ ké "sumimasen" ("ẹ jọ̀ọ́" lédè wọn) láti ìdí tábìlì, ọ̀pọ̀ tábìlì tilẹ̀ ní bọ́tìnnì tẹ́ ẹ lè tẹ̀. Wọn kì í gba típù níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi owó sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n sáré tẹ̀ lé yín láti dá a padà.

Ìbéèrè: London ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti oṣù Kẹwàá 2009, òfin Ìlú Ọba kò gbà kí ọ̀gá fi típù dí owó iṣẹ́ tó kéré jù. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ máa ń fi 12.5% sínú ìwé owó. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò pọn dandan, ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́, bójú ò bá tì yín. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2024, òfin tuntun ní England, Wales àti Scotland ti ní kí típù dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, kí ọ̀gá má bu nínú rẹ̀.

Wọ́n á tún bi yín bóyá oúnjẹ kan wà tí ara yín kì í gbà. Ẹ má bínú, wọn ò fi àìsàn wá yín. Nǹkan 14 ni òfin ní kí wọ́n lè sọ bó bá wà nínú oúnjẹ, lára wọn ni ẹ̀pà, ẹyin, wàrà, ẹja àti edé. Ẹ wo ọbẹ̀ tiwa, kẹ́ ẹ sọ èyí tí kò ní edé nínú!

Ìbéèrè: Ta ló tilẹ̀ kó irú àṣà yìí wọ Amẹ́ríkà?

Ìdáhùn: Àwọn olówó wọn tó lọ gbafẹ́ ní Yúróòpù ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ló kó o bọ̀. Bó ṣe wá ta gbòǹgbò lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn ló kàn wá. Lẹ́yìn 1865, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ń wá iṣẹ́. Àwọn onílé oúnjẹ àti onílé ìtura rí wọn bí ẹni tí a lè gbà láì fi bẹ́ẹ̀ sanwó, kí oníbàárà máa ta wọ́n lọ́rẹ. Ilé iṣẹ́ Pullman, tó ní àwọn ọkọ̀ ojú irin tí èrò ń sùn nínú wọn, kó aláwọ̀ dúdú síbẹ̀ láti máa tọ́jú èrò. Owó oṣù wọn kéré, típù ni wọ́n gbára lé, ẹ̀rín sì di dandan. Èrò ọkọ̀ ń pe gbogbo wọn ní "George", orúkọ ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà, bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ olówó ẹrú pe ẹrú. Ní 1925 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, A. Philip Randolph ló ṣáájú, ó sì di 1937 kí Pullman tó bá wọn tọwọ́ bọ àdéhùn.

Àwọn kan gbógun ti típù láyé ọjọ́un. Ìpínlẹ̀ Washington fi òfin dè é ní 1909, Mississippi àti Georgia náà ṣe tiwọn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kó tó di òpin 1926 gbogbo òfin yẹn ti wọlẹ̀. Òfin owó iṣẹ́ ti 1938 yọ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fà wọ́n wọlé ní 1966, wọ́n gbà kí típù dí apá kan owó iṣẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni 2.13 ti wá.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí n fún agbáwo ní típù nílé oúnjẹ Nàìjíríà tó wà níbí? Ara wa náà ṣáà ni.

Ìdáhùn: Ọmọ tó gbé àmàlà wá bá yín ní Houston, òfin 2.13 kan náà ló wà lórí rẹ̀. Ẹ fún un. Mo mọ ẹjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ rò: ẹ béèrè ẹ̀fọ́, ó ti tán, ẹ béèrè ẹja, ó ti tán, oríṣi oúnjẹ kún mẹ́nù bámú, méjì ló wà nínú ìkòkò, ẹ sì ti jókòó títí ebi fi ń hanrun. Ó ti ṣe èmi náà rí. Ṣùgbọ́n agbáwo kọ́ ló ń rokà, òun kọ́ ló kọ mẹ́nù, òun kọ́ ló fi ẹnì kan ṣoṣo sí kíṣìnnì lọ́jọ́ Àìkú tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì jọ parí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pe ọ̀gá jáde kẹ́ ẹ ro ẹjọ́ yẹn fún un. Láti 2018, òfin àpapọ̀ kò gbà kí ọ̀gá tàbí máníjà mú nínú típù àwọn òṣìṣẹ́, torí náà típù tẹ́ ẹ bá yọ nítorí ìbínú kò ní dun ọ̀gá tó bó ṣe máa dun agbáwo.