Ẹni Tó Forí Sọlẹ̀: Ẹ Má Tíì Gbé E Dìde

"Ẹ gbé e jókòó kí atẹ́gùn fẹ́ sí i!" Ohun tí wọ́n ń pariwo nìyẹn lọ́jọ́ tí ọlọ́kadà kan forí sọlẹ̀ lójú mi. Ọkùnrin méjì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lábíyá, wọ́n fà á sókè, orí rẹ̀ sì ń ṣe gbọ̀ọ́rọ̀gbọọrọ sọ́tùn-ún sósì bíi tọmọ tó sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹnì kan da omi inú ọ̀rá lé e lórí. Àánú ló ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n àyà mi já.

Èrò ọ̀pọ̀ wa ni pé ẹni tó bá ṣì ń sọ̀rọ̀, tó ń gbọ́wọ́ gbẹ́sẹ̀, orí nìkan ló fi pa, ọrùn rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bíi kílò 5, egungun kéékèèké 7 ló sì gbé e ró. Ohun tó gbá orí, ọrùn jẹ níbẹ̀. Egungun ọrùn lè ti ṣẹ́ kí ẹni náà ṣì máa dá yín lóhùn, torí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ara, tó gba inú rẹ̀ kọjá kò tíì fara pa. Fífà tẹ́ ẹ wá fà á dìde ló lè mú egungun yẹ̀ kó tẹ mùdùnmúdùn náà. Ibẹ̀ ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti ń gba àṣẹ; mímí gan-an gba ibẹ̀.

Àyàfi tí iná tàbí mọ́tò bá fẹ́ ká a mọ́bẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Kí ẹnì kan kúnlẹ̀ síbi orí rẹ̀, kó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ẹ má fa hẹ́límẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yọ tó bá ń mí dáadáa. Ẹ pe 112, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì. L'Ékòó, 767 náà wà. Bó bá fẹ́ bì, kí èèyàn bíi mẹ́ta yí orí, ọrùn àti ara rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni yí ìtì igi. Bí kò bá mí mọ́, èémí ló ṣáájú ọrùn o: ẹ tẹ́ ẹ kó kọjú sókè, kẹ́ ẹ máa tẹ àárín àyà rẹ̀.

Ẹni tó dìde fúnra rẹ̀ tó rìn lọ sílé ńkọ́? Bí ọrùn bá ń dùn ún, tàbí tó ń ṣe é bíi kí èèrà máa rìn lọ́wọ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò lọ́ ọrùn náà títí yóò fi dún. Tí dókítà bá ní egungun ò ṣe nǹkan kan, kó máa rọra yí i díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, torí ọrùn tí a dè mọ́lẹ̀ pẹ́ a máa gan. Ṣùgbọ́n tí orí fífọ́ bá ń le sí i, tó ń bì léraléra, tàbí tí oorun ń gbé e lọ ṣáá, ẹ dá a padà sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lóru.